Òfin Iṣẹ́ àti Ìwé Ìwáṣẹ́ Lórí Tábìlì Kan

Abala keje nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà lónìí, mo sì fi sùúrù kà á. Ohun tí ó sọ ni pé kí oṣù 3 tó pé tí òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí yóò fi irú iṣẹ́ tí yóò ṣe hàn, iye owó tí yóò gbà àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti àkókò tí wọn yóò fi ta ara wọn lólobó bí ẹnì kan bá fẹ́ fòpin sí àdéhùn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnrú ìlú, n kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà títí wọ́n fi ní kí n máa lọ. Ẹnu ni wọ́n fi gbà mí, ẹnu náà ni wọ́n fi lé mi.

Ìdánwò CIPM ni mo ń múra sílẹ̀ fún, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, tí òfin sì fún láṣẹ ní 1992. Nínú ìpolówó iṣẹ́ HR, ìyẹn iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́, tí mo ń rí, ìwé ẹ̀rí wọn ni àwọn agbanisíṣẹ́ sábà máa ń béèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí wọra ni ìtumọ̀ tí òfin náà fún òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ń dáàbò bò. Ó yọ àwọn alákòóso àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀. A jẹ́ pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ HR tí yóò máa fi òfin yìí gbèjà àwọn ẹlòmíràn lè má rí ààbò kankan nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni yóò fara tì, ohun tí wọn kò bá sì kọ síbẹ̀, yóò ṣòro fún un láti jà fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àná máa padà wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó síwájú mi bi mí pé, "Ìgbà wo lẹ fẹ́ bímọ, mà?" Òfin kan náà sọ pé aláboyún tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdajì owó oṣù rẹ̀, ó kéré tán, fún ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo bá wá. Nígbà tí ó kàn mí láti béèrè, mo ní ṣé wọn yóò fún mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní, "Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká rí iṣẹ́ ọwọ́ yín ná."

Mo tún ṣe ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì lábẹ́ òfin ọdún 2014. Bí àpapọ̀ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ ẹnì kan bá jẹ́ ₦150,000, òun yóò dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦12,000, agbanisíṣẹ́ yóò sì fi ìdá 10, ìyẹn ₦15,000, kún un. Iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ má san án. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi, torí mo fẹ́ kí ẹni tí mo bá gbà síṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú lè rí ìṣirò tirẹ̀ kí ó tó fọwọ́ síwèé.

Ìwé ìwáṣẹ́ méjì ló kù tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ kí n tó sùn. Bí àwọn ti àná bá pè mí, n óò tún béèrè ìwé náà kí n tó gbà.