Okùn ara igi máńgòrò
Mo wá kí màmá mi l'Ádó-Èkìtì, àmọ́ àṣìṣe mi nínú eré yíyọ̀ lórí omi (waterski) bá mi wálé láti Florida. Tí ọkọ̀ ojú omi bá ti ń fà mí lórí pátákó kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń wà, ṣe ni ìdí mi máa ń yọ sẹ́yìn. Nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà tó léfòó lórí omi tí à ń yípo, mẹ́ta ni mo tíì rí yí! Mo ti sún bàtà orí pátákó síwájú díẹ̀ kí imú rẹ̀ lè wọnú omi dáadáa. Ó ku ìdúró mi.

Ni mo bá so okùn mọ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé láti fi kọ́ ìdúró náà: apá nà gbọnrangandan, ọwọ́ nítòsí ìbàdí, orúnkún rọ̀, àyà sókè. Mo fi gbogbo ara fà á.

Màmá yọjú lójú fèrèsé: "Ṣé o fẹ́ hú igi mi ni?"