Mo gbé òórùn epo wọ mùsíọ́mù ní Ouidah

Láti Èkó dé Sẹ̀mẹ̀, láti Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu, wàhálà bọ́dà tí gbogbo yín ti mọ̀ náà ni. Ouidah, ìlú etíkun ní Benin, ni ọlọ́kadà ti rí mi mú. Zémidjan ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. A ná an sí 500 sẹfà. A ò tíì rìn jìnnà tí epo fi tán! Ó yà sọ́dọ̀ ìyá kan tó to epo sínú ìgò lẹ́bàá títì bí ẹni ń ta òróró. Kpayo nìyẹn, epo fàyàwọ́ tó ń ti ọ̀dọ̀ tiwa wá. Ìyá náà gbé kẹ́ẹ̀gì ńlá kan, ikùn rẹ̀ rí roboto bíi ti aboyún: wọ́n ti fi iná rọ̀ ọ́ kó lè fẹ̀, kó lè gba epo sí i. Bó ṣe ń dà á ló ta sí ṣòkòtò funfun mi. Ìyá ní "pẹ̀lẹ́". Ọlọ́kadà ní kí n bá òun san owó epo.

Mo bá ń rùn wọ mùsíọ́mù Fondation Zinsou. Iṣẹ́ Romuald Hazoumè ni mo bá lọ, ọmọ Yorùbá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó ń fi kẹ́ẹ̀gì epo ṣe ìbòjú: ojú ihò tí wọ́n ń da epo sí di ẹnu, ibi ìdìmú di imú. Ní 2007, 304 irú ẹ̀ ni wọ́n tò sílẹ̀ bí ọkọ̀ ẹrú ní British Museum. Nílé ni mo ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, mo pòṣé: àkìtàn lásán.

Níwájú ìbòjú kan, òórùn epo gbá mi nímú. Mo ń wá ibi tó ti ń jáde lára rẹ̀. Ara mi ni. Ikùn wíwú yẹn náà nìyí, tí wọ́n di ẹrù sí títí tó fi bẹ́. Etíkun tí wọ́n ti ń kó èèyàn sọ́kọ̀ ẹrú láyé ọjọ́un kò sì jìnnà síbẹ̀. Mi ò lè pòṣé mọ́. Òyìnbó kan tó ti ń mi orí sí kẹ́ẹ̀gì náà wo ṣòkòtò mi, ó fọwọ́ bo imú, ó rọra sún sẹ́yìn.

(Ẹ má wọ funfun lọ o, kẹ́ ẹ sì mú ṣéńjì dání.)

Ọlọ́kadà mi ṣì wà níta. Ìyá rẹ̀ ará Kétu ni, a jọ gbọ́ra wa yé. Mo ní kẹ́ẹ̀gì ni mo wò, wọ́n ṣe é bí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

"Ta ló ń gbé e jó?"

"Kò sẹ́ni. Ara ògiri ni wọ́n gbé e kọ́."

Ó wò mí fín-ín.

"Àǹtí, ẹ ti Èkó wá wo ìyẹn? Ìpadà di 1,000 sẹfà."