Ohun tí mo rí kà nínú 2022

Ọdún ti ń parí lọ, mo jókòó láti ṣírò ohun tí mo fi í ṣe. Ìdánwò ọkọ̀ wíwà: mo tún fìdí rẹmi. Ìwé mẹ́wàá tí mo ní n óò kà: mo ka mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kò sì nípọn. Owó tí mo fẹ́ tọ́jú: ẹ jẹ́ ká fi aṣọ bò ó. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo ṣe é délẹ̀délẹ̀ ni alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, tí èmi àti bọ̀ọ̀dá mi lọ wo Genesis, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù, alẹ́ tí wọ́n ṣeré àṣekágbá.

Oṣù Kẹwàá 2021 ló yẹ ká ti lọ. Kòrónà wọ àárín àwọn olórin náà, ni wọ́n bá sún un síwájú. Ibi tí a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀wé sí wa lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀kan ń ta ko èkejì. Títí a fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní North Greenwich ni bọ̀ọ̀dá mi ṣì ń bi mí pé, "Àbúrò, ṣé ó dá ẹ lójú pé òní ni?" Mo ní ó dá mi lójú, sà. Kò dá mi lójú rárá.

Bọ̀ọ̀dá mi ló kọ́ mi ní orin yìí. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn tí wọ́n gbọ́ títí tí ohùn inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Lójú tiwọn, ìran méjì ni Genesis: kí Peter Gabriel, akọrin wọn àkọ́kọ́, tó kúrò ní 1975, àti lẹ́yìn tó lọ. Ti ìṣáájú nìkan ni wọ́n kà sí orin. Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Invisible Touch ti 1986 létí wọn, "orin ọjà" ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbọ́ ìwàásù yẹn.

Ìjókòó wa ga débi pé mo di irin iwájú mi mú kí n tó lè jókòó. Phil Collins, tó gba orin kíkọ lẹ́yìn Gabriel, fi ọ̀pá rìn wọlé, ó jókòó sórí àga, orí àga yẹn náà ló ti kọrin títí eré fi parí. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ náà ní 1970, ìlù ló sì wá lù. Ó ti di ẹni ọdún 71 lálẹ́ yẹn, ara kò gbà á láti lu ìlù mọ́. Nic, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ẹni 20 ọdún, ló jókòó ti ìlù lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò ó títí: kéèyàn kọ ẹ̀yìn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, kó máa gbọ́ ọ lọ́wọ́ ọmọ.

Wọ́n wá dé ìdajì ìkẹyìn orin wọn kan, The Cinema Show. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọrin níbẹ̀, kíbọọ̀dù Tony Banks ló ń sáré níwájú, èje sì ni ìlù ń kà. Níbi tí ẹsẹ̀ ti gbé ara rẹ̀ láti tẹ ẹ̀jọ mọ́lẹ̀, orin ti padà sí ení. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ lókùnkùn tí ọ̀kan sì dín. Nílé, mi ò lè kà á kọjá ìyípo kẹta rí. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi ẹnu sílẹ̀, mo tẹjú mọ́ ọwọ́ Nic lójú amóhùnmáwòrán ńlá tó wà lókè, ó sì já sí mi lọ́wọ́: èjì, èjì, ẹ̀ta. Èjì, èjì, ẹ̀ta. Ìgbà tí mo máa wolẹ̀, ìka bọ̀ọ̀dá mi ló ń lu orúnkún, ohun kan náà ló ń kà. Orúnkún èmi sì ni.

Collins sọ fún wa pé Gabriel wà láàárín èrò, ó ní bóyá òun ló ń pariwo pé kí wọ́n kọ Supper's Ready, orin 1972 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìṣẹ́jú 23. Bọ̀ọ̀dá mi, tó ti ń pariwo ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wá Gabriel láàárín ẹgbàágbèje èèyàn. Mi ò dá wọn lẹ́kun.

Ó wá kan Invisible Touch. Orin ọjà! Bọ̀ọ̀dá mi ló kọ́kọ́ dìde nílà wa. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, ọwọ́ méjèèjì lókè. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi The Carpet Crawlers ti 1974 kádìí eré, orin ayé Gabriel tí bọ̀ọ̀dá mi ti ń retí, wọn ò la ẹnu. Wọ́n kàn jókòó, fìlà lórí itan.

Mo ti lè ka èje báyìí tí mo bá ń fọ abọ́. Ìdánwò ọkọ̀, ó di oṣù Kejì. Bọ̀ọ̀dá mi ní irọ́ ni, àwọn ò kọ orin ọjà kankan. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá 41 wà lórí fóònù mi. Mò ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ìbí wọn.