Ṣé eegun àgbọ̀n ò lè hù padà ni?

Sátidé tó kọjá la jókòó sí pálọ̀, èmi ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, Bígí Mọ́mì ń mu ògì tiwọn, ni wọ́n bá dúró, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu mi, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, irun tí mo gé hù, èékánná tí mo gé hù, kí ló wá dé tí eegun tí wọ́n gé lẹ́nu mi ò hù?" Mo rẹ́rìn-ín ṣá o, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ameloblastoma, kókó kan tó máa ń hù nínú eegun àgbọ̀n, ló mú wọn. Kì í sábà rìn káàkiri ara bíi jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ eegun àgbọ̀n bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé, tí dókítà bá kàn ha á lásán ó máa ń padà wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé eegun yẹn tòun ti díẹ̀ lára ibi tó ṣì dáa, wọ́n wá fi irin títániọ́ọ̀mù so ojú ibẹ̀. Irin náà ń gbìyànjú, kò jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn jìn wọlé. Ṣùgbọ́n irin ni. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ká máa ṣe eyín àtọwọ́dá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ìda àti P.O.P gbìyànjú sí i, kò síbi tí eyín máa jókòó lé, ó ń yẹ̀ ṣáá ni.

Eegun máa ń hù o. Ẹni tó kán lápá, tí wọ́n bá tò ó dáadáa, ó máa jiná. Àmọ́ tí àlàfo bá ti fẹ̀ jù, ẹran á ti sáré kún ibẹ̀ kí eegun tó dé, torí eegun ò yára. Ó nílò nǹkan tó máa bá a di àyè mú. Ẹ wo igi tí àgbẹ̀ ń rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, kì í ta iṣu, ìtákùn ló ń gùn ún lọ, tó bá yá igi á jẹrà. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ jáde báyìí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló dùn mọ́ èmi jù. Wọ́n á ya CT scan, ìyẹn àwòrán tó ń fi eegun inú hàn, ojú aláìsàn, kọ̀ǹpútà á wo ẹ̀gbẹ́ tó ṣì dáa, á yí i padà bí ìgbà téèyàn ń wo dígí, á wá mọ bí èyí tó sọnù ṣe yẹ kó rí. Wọ́n á po páúdà kálísíọ́ọ̀mù fọ́síféètì, irú ohun tó ń mú kí eegun le, ẹ̀rọ á máa tẹ̀ ẹ́ lé ara wọn bí ẹni ń fi áísìn sórí kéèkì, lẹ́yìn náà wọ́n á sun ún nínú iná tó lé ní 1,000 dígírì. Ìkòkò ni jàre! Àwọn míì ń lo ike kan tó ń jẹ́ PCL, tí ara máa ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀ fún bí ọdún 2 sí 3.

Ihò inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ pín mílímítà kan sí mẹ́ta, ihò kọ̀ọ̀kan máa ń tó bẹ́ẹ̀ tàbí kó jù ú díẹ̀, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọlé, torí eegun tí ẹ̀jẹ̀ ò dé òkúta ni. Mo wá sọ ìtàn ọkùnrin kan nílùú Kiel fún Bígí Mọ́mì, ní Jámánì, 2004. Jẹjẹrẹ ló gba àgbọ̀n tiẹ̀. Dókítà Patrick Warnke àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ya àgbọ̀n tuntun, wọ́n hun títániọ́ọ̀mù bí àgò lórí àwòṣe rẹ̀ (wọn ò tẹ̀ ẹ́ jáde o), wọ́n kó eegun màlúù tí wọ́n ti fọ̀ sínú rẹ̀, pẹ̀lú mùdùnmúdùn eegun ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ àti BMP-7, irú purotéènì kan. BMP yẹn ló ń pe eegun pé kó hù, Marshall Urist ló ṣí ọ̀nà rẹ̀ ní 1965, nígbà tó fi eegun tí ásíìdì ti fọ kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrò sínú ẹran ara ehoro, tí eegun tuntun hù níbẹ̀. Wọ́n wá rì àgò náà sínú ẹran ẹ̀yìn ọkùnrin Kiel yẹn fún ọ̀sẹ̀ 7, kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ ọ, kí wọ́n tó gbé e lọ sẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 ó jẹ búrẹ́dì àti sọ́séèjì, oúnjẹ líle tí kò tíì jẹ láti bí ọdún 9.

Ẹnìkan ṣoṣo nìyẹn ṣá, mi ò ní fi tan ẹnikẹ́ni. Ihò kékeré tí wọ́n fẹ́ rì eyín sí ni irú nǹkan wọ̀nyí rọrùn fún jù, tó bá ti jẹ́ ibi tó fẹ̀ bíi ti Bígí Mọ́mì, eegun ẹsẹ̀ tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni àwọn dókítà ṣì ń gbára lé jù, wọ́n á so ó mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn. Ẹnu náà sì ní kòkòrò, itọ́ ò dúró, ibi tí ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ bá ti kàn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ mọ́.

Bígí Mọ́mì gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ti ẹ̀yìn yẹn nìkan ni wọ́n dì mú. "Ẹ̀yìn tí mo fi pọn ẹ̀yin mẹ́jọ, ó wá ku àgbọ̀n tí màá tún pọ̀n!" Wọ́n mú gúgúrú kan nínú àwo mi, wọ́n fi ahọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, wọ́n ń lá a títí ó fi rọ̀.