Ẹ Wo Nọ́ńbà Tíkẹ́ẹ̀tì Àkọ́kọ́ Kí Wọ́n Tó Ṣílẹ̀kùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlù àti gìtá kiri kílọ́ọ̀bù nílùú ọba, ẹ mọ irú òde tí mò ń sọ. Kò sí iye pàtó, ohun tí wọ́n bá pa lẹ́nu ọ̀nà lẹ jọ máa pín. Irú òde yẹn ni wọ́n fi fìyà jẹ wá lóṣù tó kọjá, inú sì ṣì ń bí mi.

Kílọ́ọ̀bù kan ni, lápá àríwá England. Mi ò ní dárúkọ wọn. Blues-rock ni tiwa, àwa mẹ́rin, èmi ni mò ń lu dúrọ́ọ̀mù. Àdéhùn wa pẹ̀lú ọkùnrin tó pè wá ni pé ká kọ́kọ́ yọ owó ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ àti owó pósítà, ká wá pín ìyókù sí méjì. £8 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Èrò wá o! Láti orí àga tí mo jókòó sí, mi ò rí ògiri ẹ̀yìn mọ́. Orí mi wú, mo ń lu ìlù bí ẹni tí wọ́n san gbèsè ẹ̀.

A ṣe tán, a palẹ̀ mọ́, ọkùnrin tó ni òde náà pè wá sí yàrá kótópó kan lẹ́yìn báà. Ó ní èèyàn 41 ló sanwó. £328 nìyẹn. Ó yọ £120 fún ẹlẹ́rọ, ó yọ £40 fún pósítà, ó ku £168. Ó wá ka £84 sórí tábìlì bí ẹni ń ṣe sàráà. Owó tí a fi háyà mọ́tò nìkan ju ìyẹn lọ.

Àmọ́ ọkùnrin kan ti ra ẹ̀wù lọ́wọ́ wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì ní kí akọrin wa bá òun fọwọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì òun. Nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ ni 118. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ṣeré ṣì wà lórí ìtàgé nígbà tó wọlé, ó sọ fún wa bẹ́ẹ̀. Mo wá bi ọ̀gá yìí: “41 báwo?” Ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ yí. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú làwọn ti bẹ̀rẹ̀ róòlù tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, pé orí 78 làwọn ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ yìí. Mo ṣírò ẹ̀ lórí: 78 dé 118, 41 géérégé. Bó ṣe yára ṣe ìṣirò yẹn ló dùn mí jù. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo ilé tó kún dẹ́nu, ọkùnrin tó ra ẹ̀wù yẹn ló wọlé kẹ́yìn! Akọrin wa bú sẹ́kún. Onígìtá wa kàn ń wo ilẹ̀. A ò ní ẹ̀rí kankan, ọ̀nà sì jìn, a gba £84.

A yà ní Watford Gap, ibi ìsinmi lójú ọ̀nà márosẹ̀ M1 tí wọ́n ṣí ní 1959, tí àwọn Beatles àti Rolling Stones ti máa ń dúró jẹun láyé ìgbà kan tí wọ́n bá ń ti òde bọ̀. Sáńdíwíìṣì la pín jẹ.

Òde tó tẹ̀ lé e, a gbowó wa pé. A ṣì ń ṣeré.

Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lójú ẹni tó ni òde. Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ sí àwọn èèyàn lọ́wọ́, ẹ ní ẹnì kan níbẹ̀ tó ń kà wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti lùlù níbi àríyá àwọn èèyàn wa ní Peckham, ta ló ń ṣa owó tí wọ́n bá ná fún yín? Ọmọ yín ni. Ẹ ò jẹ́ kí ọlọ́jọ́ìbí ṣà á, kó tún bá yín kà á.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ká lọ sí kóòtù. Mo mọ̀ pé small claims, ìyẹn ẹ̀ka kóòtù fún ẹjọ́ owó kékeré, ní England ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò bá ju £10,000 lọ. “Orí 78 la ti bẹ̀rẹ̀” náà ni ọ̀gá yẹn máa wí níbẹ̀, fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ nìkan ló lè pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp. Musicians' Union, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin, ní ìwé àdéhùn fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ti Chuck Berry, olórin rock 'n' roll ará Amẹ́ríkà nì, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ayé ẹ̀: kó tó gbẹ́sẹ̀ sórí ìtàgé, owó ẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwa ò tíì dé ibẹ̀, ìyẹn la ṣe ń wo tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má fi gìtá sílẹ̀ sínú mọ́tò. Ọmọ Cork ní Ireland ni onígìtá wa, kò sì yé sọ bí wọ́n ṣe jí Stratocaster, gìtá Rory Gallagher, olókìkí onígìtá ilẹ̀ wọn, ní Dublin, tí orí fi bá a ṣe é tó rí i padà. Orin tí ẹ bá fúnra yín kọ, ẹ fi orúkọ wọn ránṣẹ́ lẹ́yìn òde sí PRS, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tó kọ orin gba owó orin wọn.

Àbúrò ìyàwó mi ló ń dúró ti àwọn tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà báyìí. £20 la ń fún un lálẹ́ kan, oúnjẹ ẹ̀ sì wà lọ́rùn wa.