Ọ̀gá Ilé-Ìwé Tí Mo Gba Fóònù Lọ́wọ́ Ẹ̀

Níbi tí mo ti ń kàwé ní New York, iṣẹ́ tí mo fi ń rówó jẹun ni kí n máa jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àròkọ ní yunifásítì. Òfin ẹ̀ ò pọ̀: má gba bírò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ ka ohun tó kọ, ìbéèrè ni kó o máa bi í. Fún èmi tí tíṣà mi n'Íbàdàn máa ń fi bírò pupa ya ìwé mi bí ẹni ń kọlà, ìyà gidi ni.

Wọ́n wá ní ká máa lọ sí girama kan ní Bronx. Ó wà lára àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbà láàyè kí ọmọ má ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìdánwò Regents, ìyẹn ìdánwò àṣejáde girama níbẹ̀. Ìwé gígùn ni ọmọ ń kọ, á sì dúró níwájú ìgbìmọ̀ láti gbèjà ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń wá wa nìyẹn. Kò sí yunifọ́ọ̀mù. Orúkọ àbísọ sì ni ọmọ ọdún 14 fi ń pe tíṣà! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo wojú ọ̀run, bóyá àrá á sán.

Mo jókòó sí láíbìrì, obìnrin pẹ́tẹ́kí kan wọlé, ó gbé báàgì kọ́yìn, ó wọ kánfáàsì, ó di ìwé mọ́wọ́.

"Jókòó, àbúrò. Ìgbà wo lo fẹ́ fi sílẹ̀?"

Ó ní ọjọ́ Ẹtì. Bó ṣe ń kà á ló ń wo fóònù. Mo nawọ́. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo dà á dojú dé sórí tábìlì.

Lẹ́tà sáwọn òbí ni, pé kí wọ́n máa tètè mú ọmọ wá láàárọ̀. Mo ní ṣé ìwọ náà kì í pẹ́ dé? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun pẹ́ lánàá, rélùwéè ló fà á.

Mo ní, "Àwáwí."

Ọmọkùnrin kan yọjú, ó pe orúkọ ẹ̀ gbàǹgbà, ó ní tíṣà ìṣirò ń wá a. Ká ní ilé ni, ibẹ̀ yẹn ni "Ma" ì bá ti tú àṣírí fún mi. Mo lé ọmọ náà jáde, mo ní a ò tíì ṣe tán.

Ìgbà tó yá ni ọ̀gá wa láti yunifásítì dé, ó ní inú òun dùn pé èmi àti ọ̀gá ilé-ìwé ti mọra.

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé Bronx ni mo wà. "Ẹ jọ̀ọ́ Ma, ẹ má bínú Ma," Yorùbá pọ́ńbélé. Wọ́n (láti ibí lọ, "wọ́n" ni o) rò pé nǹkan mi ló já bọ́. Kíá, àwọn náà ti kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tálẹ̀ lábẹ́ tábìlì, wọ́n ní kí là ń wá.

Mo ní bírò.

Wọ́n ní aláwọ̀ wo?

Mo ní búlúù. A jọ ń wá a, ó sì wà lẹ́yìn etí mi.

Ni fóònù wọn bá ń dún lórí tábìlì. Wọ́n gbójú sókè wò mí lábẹ́ ibẹ̀, wọ́n ní ṣé àwọn lè gbé e.