Ìbọn ogun àtijọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa rírà, fífọ̀ àti títọ́jú rẹ̀

Ìbọn lè la ogun àgbáyé kejì já láìní ju àpá díẹ̀ lọ, kó wá di ẹ̀yìn ọgọ́rin ọdún kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi sáńpépà họ igi rẹ̀ kó lè máa dán. Ọjọ́ yẹn gan-an ni owó rẹ̀ já wálẹ̀. Ohun tí kíkó ìbọn jọ kọ́ mi kò gùn: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, bó bá ti délé, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdọ̀tí àti iyọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ mú kúrò lára rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìbọn tí mo sì ní lọ́kàn ni ráífù àwọn sójà àtijọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ fa bolt rẹ̀, ìyẹn irin tó ń ti kátírìjì wọlé tó sì ń sé e mọ́bẹ̀: Mosin-Nagant ti Rọ́ṣíà, Lee-Enfield ti Gẹ̀ẹ́sì, Mauser K98k ti Jámánì, Arisaka ti Japan. Lee-Enfield kì í ṣe àlejò sí wa. Irú rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa gbé lọ sí ogun Bọ́mà, No. 4 rẹ̀ náà sì ni àwọn àgbà mọ̀ sí Mark 4 lọ́wọ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà.

Ìwé ló ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ wo físà yín kẹ́ ẹ tó wo ìbọn. Ẹni tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́, físà iṣẹ́ bíi H-1B tàbí físà àbẹ̀wò wọlé, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè kó ní ìbọn tàbí ọta, àfi bó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin náà dá sí, irú bíi kó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fún un. Kí ọ̀rẹ́ fún un ní tirẹ̀ kó fi yìn díẹ̀ ní pápá ìyìnbọn wà lára èèwọ̀ náà. Ẹni tó ní green card lè rà á. Ṣùgbọ́n kó rántí pé ẹ̀sùn ìbọn kan ṣoṣo tí kóòtù bá dá a lẹ́bi lé lórí lè gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì dá a padà sílé.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Form 4473, ìwé ìjọba àpapọ̀ tí olùrà ìbọn ń kọ, lẹ ó kọ. Orúkọ wa gùn, ibẹ̀ ni ìdádúró sì ti ń wá. Gbogbo orúkọ ni wọ́n fẹ́, orúkọ àárín náà pẹ̀lú, láìgé e kúrú, kó sì bá ohun tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ mu. Àdírẹ́sì orí káàdì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ẹ ń gbé báyìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú ìwé ìjọba mìíràn tó ní àdírẹ́sì tuntun dání, irú bí ìwé ọkọ̀. Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà tó wà lórí green card. Oníṣọ́ọ̀bù yóò fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí NICS, ètò FBI tó ń yẹ àwọn olùrà ìbọn wò, èsì mẹ́ta ló sì lè wá: ẹ máa bá a lọ, ẹ ní sùúrù, tàbí rárá. Bó bá jẹ́ ẹ ní sùúrù, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni òfin ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ní tirẹ̀ lórí èyí.

Ìwé kan náà yóò bi yín bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ rà á. Bí àbúrò kan bá fi owó ránṣẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi orúkọ yín rà á," ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Kí ẹ fi owó ara yín rà á, kẹ́ ẹ fún ẹni tí òfin gbà láyè ní ẹ̀bùn, ìyẹn yàtọ̀.

Bó bá ti wù yín láti ní ju ìbọn méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ gba láísẹ́ǹsì akóbọnjọ tí ATF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìbọn, ń pè ní Type 03. 30 dọ́là ni fún ọdún mẹ́ta. Ó jẹ́ kí ìbọn tó ti lé ní 50 ọdún, tí wọn kò tíì pààrọ̀ ìrísí rẹ̀, lè ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá bá yín nílé láìgba ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù, bí òfin ìpínlẹ̀ yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Kò sọ yín di oníṣòwò ìbọn o. Ojúṣe tó bá a rìn ni ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́ tí ìbọn dé, ẹni tó ṣe é, irú rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ìwọ̀n ọta rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ti wá. Kí ọjọ́ iṣẹ́ kejì tó parí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá tà á, ọjọ́ méje lẹ ní láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tí kò tíì yìnbọn rí, kó má fi Mosin bẹ̀rẹ̀. Ó ń ta èjìká, ariwo rẹ̀ pọ̀, ara á sì ti máa gbọ̀n kí ẹ tó fa tírígà. Ẹni tó bá fi bẹ̀rẹ̀ á máa dijú kó tó yìn, ìwà yẹn kì í sì í tètè lọ. Ráífù .22, tí ọta rẹ̀ kéré, ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ fún oṣù díẹ̀. Ọta rẹ̀ kò wọ́n.

Ó wá kan yíyẹ ìbọn wò. Kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára, ìka kúrò lórí tírígà, ẹ fa bolt dé ẹ̀yìn pátápátá, ẹ fojú wo ilé ọta, ihò ìdí ọ̀pá tí kátírìjì ń jókòó sí, ẹ tún ti ìka kékeré bọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ ìbọn ìléwọ́, àpò ọta rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹni tó bá fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn kó tó yọ àpò ọta, ó lè lé kátírìjì kan jáde lóòótọ́, àmọ́ òmíràn ti tún wọlé rọ́pò rẹ̀. Àṣìṣe yìí ti pa àwọn tó gbà pé ìbọn ọwọ́ àwọn ṣófo.

Lẹ́yìn náà, inú ọ̀pá. Ẹ tanná sí i láti ìdí, ẹ wo ilà tó lọ́ yí inú rẹ̀ ká. Bó bá dúdú, ẹ má tíì sá. Ìdọ̀tí lè wà níbẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ tí ìpẹtà jẹ sínú irin ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, nítorí kò sí fífọ̀ tó lè dí i. Ẹ wo etí ẹnu ìbọn náà. Ọ̀pá ìfọ̀ tí àwọn sójà ń ti láti iwájú ló máa ń jẹ ibẹ̀. Ẹ ti orí kátírìjì ẹ̀tàn, èyí tí kò ní ẹ̀tù tí kò ní kápù (ohun kékeré ìdí kátírìjì tó ń ta iná sí ẹ̀tù), bọ ẹnu rẹ̀: bó bá rì wọlé dé ọrùn idẹ, ibẹ̀ ti fẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú Mosin, nítorí àwọn ará Rọ́ṣíà máa ń gbẹ́ inú ẹnu tó ti fẹ̀ wọlé díẹ̀ kí ìbọn lè tún máa yìn tààrà. Irú èyí á gba orí kátírìjì wọlé pátá, síbẹ̀ ó ṣì lè ba ohun tí ẹ bá fi sun.

Nọ́ńbà ni owó wà. Lára Mosin, ẹ wò ó lára ọ̀pá, bolt, irin ìdí igi àti ìdérí àpò ọta. Ilé iṣẹ́ Tula máa ń tẹ ìràwọ̀ tó ní ọfà nínú, Izhevsk sì máa ń tẹ onígun mẹ́ta. Bó bá ní [SA] nínú àpótí kékeré, ìbọn náà ti dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Finland, owó rẹ̀ á sì gòkè. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ilà fà kọjá, tí wọ́n wá kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn atúnṣe lẹ́yìn ogun ló mú kó bára mu. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má sanwó èyí tó bára mu láti ilé iṣẹ́ lé e lórí. Bákan náà ni K98k tí àwọn ará Rọ́ṣíà kó lójú ogun: ẹ ó rí X lára rẹ̀. Arisaka tí òdòdó ọba Japan ṣì wà lórí rẹ̀ láìhọ wọ́n ju èyí tí wọ́n ti fi irin họ lọ. No. 4 tó ní "U.S. PROPERTY" lára, Savage ló ṣe é ní Amẹ́ríkà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má jẹ́ kí olùtà sọ fún yín pé ìbọn sójà Amẹ́ríkà ni.

Àwọn kan wà tí wọ́n dára láti wò, tí kò dára láti yìn. Ráífù M1903 ti Amẹ́ríkà tí ilé iṣẹ́ Springfield ṣe tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 800,000, tàbí èyí tí ilé iṣẹ́ Rock Island ṣe tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 285,507, iná tí wọ́n fi se irin rẹ̀ kò bá ìwọ̀n mu. Ó lè fọ́ bí àwo. Ẹ gbé e kọ́ ògiri.

Kí ẹ tó yin èyíkéyìí, ẹ gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn kó wọn headspace rẹ̀, ìyẹn àyè tó wà láàárín ojú bolt àti ibi tí kátírìjì jókòó sí. Bí àyè yẹn bá pọ̀ jù, idẹ kátírìjì lè ya, kí èéfín gbígbóná fẹ́ sójú ẹni. Ti Lee-Enfield rọrùn láti wọn: bolt gbọ́dọ̀ pa lórí gééjì (irin ìwọ̀n) 0.064 íńṣì, kò sì gbọdọ̀ pa lórí 0.074. Bó bá pa lórí èyí tó tóbi, orí bolt ti No. 4 ṣeé pààrọ̀. Láti 0 dé 3 ni wọ́n, 3 ló gùn jù. Ti Mosin, nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Tí ẹ bá tú bolt rẹ̀ palẹ̀ tí ẹ sì tò ó padà, abẹ́rẹ́ tó ń gún kápù gbọ́dọ̀ yọ jáde láàárín 0.075 sí 0.095 íńṣì. Irin pẹlẹbẹ tó bá ìbọn náà wá ní ojú méjì tí wọ́n kọ 75 àti 95 sí fún iṣẹ́ yìí gan-an. Bí abẹ́rẹ́ bá gùn jù, á gún kápù ya. Bó bá kúrú jù, ìbọn kò ní dún.

Bó bá délé tí gíríìsì ológun bò ó, ẹ fi mineral spirits, omi tí àwọn akunlé fi ń yọ́ ọ̀dà, nù ún níta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, jìnnà sí iná. Bolt Mosin tó ń lẹ̀ lẹ́yìn yíyìn mélòó kan, gíríìsì àtijọ́ tó kù nínú ilé ọta ló sábà máa ń fà á: ooru ló ń yọ́ ọ tó ń lẹ̀ mọ́ kátírìjì. Búrọ́ọ̀ṣì bàbà tó fẹ̀ ju ti inú ọ̀pá lọ ló ń yọ ọ́. Ẹ má fi sáńpépà kan igi, ẹ má kun irin lọ́dà tuntun, ẹ má sì gé ọ̀pá. Ráífù tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó íńṣì 16 ti bọ́ sábẹ́ òfin mìíràn tó le. Screwdriver tí ojú rẹ̀ bá ihò ìdè mu rẹ́gí nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tó rí ṣóńṣó tí gbogbo wa ní nílé ló ń jẹ orí ìdè, ẹni tó mọ ìbọn á sì ti rí i láti ọ̀nà jíjìn.

Iyọ̀ tí mo dárúkọ lókè, inú ọta ló ti ń wá. Kápù ìdí ọta ológun àtijọ́, pàápàá ti Soviet tó ń wà nínú agolo tó ń gba ọta 440, ní kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní potassium chlorate. Bó bá jó tán, ohun tó kù nínú ọ̀pá jẹ́ ìbátan iyọ̀ ọbẹ̀, ó sì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ní ìlú tó lọ́rinrin bíi Houston, ìpẹtà lè ti yọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Epo ìbọn kò lè yọ́ iyọ̀. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Omi ló ń yọ́ ọ. (Ẹ̀tù dúdú tí àwọn ọdẹ wa ń rọ sínú ṣakabùlà náà máa ń jẹ irin báyìí.)

Ọjọ́ tí ẹ bá yìn ín náà lẹ ó fọ̀ ọ́. Ẹ yọ bolt, ẹ kọ ẹnu ìbọn sísàlẹ̀ sínú garawa kí omi má bàa kan igi, ẹ fi àrọ tó ní rọ́bà tín-ín-rín da ìlàjì lítà omi gbígbóná sí ilé ọta. Gbígbóná ló dára, nítorí irin tó bá gbóná á gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ ti aṣọ gbígbẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá, láti ìdí síwájú, ẹ wá lo oògùn ìfọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì, kí epo fẹ́lẹ́ kẹ́yìn. Ojú bolt àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan omi náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ti aṣọ funfun kan kọjá. Bó bá jáde ní àwọ̀ pupa, ẹ tún un ṣe.

Ní pápá, bí ìbọn bá dún tíntín, ẹ dúró. Orí ọta lè ti há sínú ọ̀pá, èyí tí ẹ bá yìn tẹ̀ lé e á sì fa ìbọn ya. Bó bá kọ̀ tí kò dún rárá, ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi àfojúsùn fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kẹ́ ẹ tó ṣí i. Nígbà míì, iná ń pẹ́ dé inú ẹ̀tù.

Nílé, àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ọta wà níbòmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ibi tí ẹ rò pé ọmọ kò lè dé, ó ti débẹ̀ rí. Ẹ má tọ́jú ìbọn sínú àpò aláwọ tàbí àpótí onífóòmù. Méjèèjì ń di omi mú. Kí ọ̀rinrin inú àpótí náà wà ní nǹkan bí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì fi ìbọ̀wọ́ gbé ìbọn, nítorí òógùn ọwọ́ ń ya àwòrán ìka sára irin. Lẹ́yìn pápá, ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ, torí òjé.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìbánigbófò bóyá owó tí wọ́n máa san lórí ìbọn tí olè bá jí ní iye tí kò lè kọjá. Kí ẹ sì fi ìwé kan sínú àpótí náà fún ìyàwó tàbí ọkọ yín: ìbọn wo rèé, iye tí ẹ rà á, àwòrán nọ́ńbà rẹ̀, àti ẹni tó lè bá a tà á bí ẹ kò bá sí.